Bí Akọni Bá Kúrò Lágbo, Ta Ni Yóò Rọ́pò Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú ẹlòmíràn, nítorí pé inú ìwé alàwòrán ni mo ti mú un. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ ìwé sílẹ̀. Bí ẹ bá kà á dé ìdí, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù yín, ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ yín àti ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tí ẹ ń ṣe ládùúgbò wà nínú rẹ̀.

Ìbéèrè náà nìyí. Ẹgbẹ́ kan wà tí ó jẹ́ pé akọni ni gbogbo ọmọ inú rẹ̀. Ayé ti mọ̀ wọ́n, ayé ti fẹ́ràn wọn, ọmọdé pàápàá mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó yá, àwọn tí a mọ̀ wọ̀nyí lọ, àwọn mìíràn tí a kò mọ̀ rí sì wá dúró sí ipò wọn. Ǹjẹ́ ẹgbẹ́ náà ṣì ni èyí tí a fẹ́ràn, àbí orúkọ lásán ni ó kù?

ÀWA TI MỌ AKỌNI NÍ ÒṢOGBO

Òṣogbo ni mo ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo sì ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1962, Dúró Ládípọ̀, ọmọ Òṣogbo tí òun náà ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí, pẹ̀lú Ulli Beier, dá ẹgbẹ́ Mbari Mbayo sílẹ̀ ní ìlú yìí. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, àwọn ará ọjà wa ni wọ́n gbọ́ ọ tí wọ́n sọ ọ́ di Yorùbá, tí wọ́n ní, “M̀ bá rí, m̀ bá yọ̀.” Nígbà tí ẹgbẹ́ náà pé ọdún kan, ní 1963, Dúró Ládípọ̀ gbé eré Ọba Kò So jáde.

Ẹni tí ó bá mọ eré náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ akọni ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣàngó nìyẹn, ọba tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Tìmì nìyẹn, Ọlọ́fà-iná, ẹni tí wọ́n rán lọ sí Ẹdẹ níbi tí kò jìnnà sí wa yìí. Gbọ̀nkáà nìyẹn, ẹni tí wọ́n jù sínú iná tí iná kò sì rí i jẹ. Ọya náà wà níbẹ̀. Wọ́n ṣe eré náà dé Berlin ní ilẹ̀ Jámánì ní 1964, wọ́n sì gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965.

Ìwé alàwòrán pàápàá kò ṣàjèjì sí wa. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1960, Atọ́ka dé. Wọ́n a ya àwọn òṣèré alárìnjò ní fọ́tò, wọ́n a to fọ́tò náà tẹ̀lé ara wọn, wọ́n a sì kọ ọ̀rọ̀ tí oníkálukú ń sọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ẹni tí kò rówó wọ ibi eré rówó ra Atọ́ka. Nítorí náà, bí mo bá ní kí a wo ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà, kì í ṣe ohun tí ojú wa kò rí rí ni mo ń mú wá.

ILÉ-Ẹ̀KỌ́ ÀWỌN ALÁGBÁRA

Ní ọdún 1963 kan náà tí Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo, Stan Lee tí ó ń kọ ìtàn àti Jack Kirby tí ó ń ya àwòrán gbé ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ X-Men. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ẹgbẹ́ náà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Professor Xavier ni ọ̀gá wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e, orí kẹ̀kẹ́ arọ ni ó ń jókòó sí, ṣùgbọ́n ó lè mọ ohun tí ń bẹ nínú ọkàn ẹlòmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Cyclops ni aṣáájú wọn, tí agbára pupa ń yọ lójú rẹ̀ tí ó fi ń fọ́ àpáta. Iceman ń sọ omi di yìnyín. Angel ní ìyẹ́ bí ẹyẹ. Beast ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ńlá, ó sì mọ̀wé ju gbogbo wọn lọ. Jean Grey ni obìnrin kan ṣoṣo tí ó wà láàárín wọn. Ọkàn ni ó fi ń gbé ẹrù láìfi ọwọ́ kàn án.

Ìwé náà dára, ṣùgbọ́n kò tà bí ó ti yẹ. Ní 1970, ìwé nọ́ńbà 66 ni ó ní ìtàn tuntun kẹ́yìn. Láti ìgbà náà títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1975, ìtàn àtijọ́ ni wọ́n ń tún tẹ̀ tí wọ́n ń tún tà. Ẹ̀yin aláṣọ mọ ohun tí mò ń sọ: bí ìgbà tí ènìyàn ń kó aṣọ ọdún márùn-ún sẹ́yìn síta láràárọ̀, tí ó ń gbọn eruku rẹ̀, tí ó sì ń kó o wọlé ní alẹ́.

Ní 1975, Len Wein tí ó ń kọ̀wé àti Dave Cockrum ayàwòrán ṣe ohun tí ẹ̀rù lè ba ẹlòmíràn láti ṣe. Nínú ìtàn wọn, àwọn akọni àtijọ́ lọ sí erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Krakoa, wọn kò sì padà bọ̀. Cyclops nìkan ni ó bọ́. Erékùṣù náà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀dá abẹ̀mí tí ó gbé wọn mì! Ọ̀gá wọn bá gbéra, ó káàkiri ayé láti wá àwọn tí yóò gbà wọ́n là.

Ẹ wo àwọn tí ó kó jọ. Ó rí Nightcrawler ní Jámánì, ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú bí aró tí ó sì ní ìrù. Àwọn ará abúlé ń lé e kiri láti pa á ni ọ̀gá dé bá a. Ó rí Wolverine, ará Kánádà, kúkúrú oníbìínú tí irin mímú ń yọ lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Ó rí Banshee ará Ireland, tí igbe rẹ̀ jẹ́ ohun ìjà. Àgbà ni òun nínú wọn. Ó rí Sunfire ará Japan. Ó rí Colossus, ọmọ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí ara rẹ̀ ń di irin. Ọjọ́ tí ọ̀gá dé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ara rẹ̀ dá katakata dúró kí ó má baà tẹ àbúrò rẹ̀ obìnrin pa ni. Ó rí Thunderbird, ọmọ ẹ̀yà Apache, ẹ̀yà tí ó ti ń gbé ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé ibẹ̀. Ó sì rí Storm ní Kenya, obìnrin dúdú onírun funfun, tí òjò, ìjì àti mànàmáná ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Àwọn tuntun wọ̀nyí gba àwọn àtijọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilé, àwọn àgbà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ó tó àkókò kí àwọn máa bá ti àwọn lọ. Cyclops nìkan ni ó jókòó nínú wọn.

Ọ̀RỌ̀ ÈMI ÀTI ỌMỌ ÀBÚRÒ MI

Ọmọ àbúrò mi obìnrin kan wà tí ó ń kàwé ní Iléṣà. Òun ni ó kó àwọn ìwé yìí lé mi lọ́wọ́ nígbà ìsinmi. Nígbà tí ó ṣí ibi tí Storm wà, ó ní, “Bàbá, ẹ wá wo Ọya nínú ìwé òyìnbó! Ororo ni wọ́n pe orúkọ àbísọ rẹ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ọmọ mi, ní etí tiwa, òróró tí a fi ń din dòdò ni ó jọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń pe mànàmáná tí ó ń dá a lóhùn, n kò lè bá ọ jiyàn.”

Ìgbà tí ó dé ibi tí àwọn àtijọ́ ti lọ, ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, kí ló dé tí wọn kò fi jẹ́ kí àwọn ti àkọ́kọ́ dúró? Àwọn ni mo fẹ́ràn. Àwọn wo tiẹ̀ ni wọ̀nyí?”

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ ọmọ náà wọ̀ mí lára, nítorí pé ohun tí àwọn àgbàlagbà ní Òṣogbo sọ ní 1978 gan-an nìyẹn. Ní oṣù kẹta ọdún náà ni Dúró Ládípọ̀ kú. Òun ni Ṣàngó wa. Bí ènìyàn bá pe Ṣàngó, ojú rẹ̀ ni ó ń wá síni lọ́kàn. Ta ni yóò tún wọ ẹ̀wù náà tí kò ní dàbí ẹni tó yá aṣọ wọ̀?

Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀, tí ó ń ṣe Ọya nínú Ọba Kò So, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń pè ní Mọrèmi nítorí ipa tí ó kó nínú eré Mọrèmi, kò jẹ́ kí iná ilé náà kú. Òun ni ó gba ìdarí ẹgbẹ́ lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má purọ́ fún ara wa: nǹkan le fún ẹgbẹ́ alárìnjò lápapọ̀. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tí òun náà fi Òṣogbo ṣe ibùjókòó, ti kú ní 1973. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń lọ sópin, fíìmù àti fídíò ti gba ọjà lọ́wọ́ eré orí ìtàgé, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sì túká.

OHUN TÍ Ó YÀ WỌ́N SỌ́TỌ̀

Mo ronú sí i. Kì í ṣe pé àwọn ti Amẹ́ríkà gbọ́n jù wá lọ. Ẹ̀dá inú ìwé kì í kú bí kò bá wu òǹkọ̀wé. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni tiwa. Síbẹ̀ ohun kan wà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, orúkọ ọ̀gá ni orúkọ ẹgbẹ́: ẹgbẹ́ Ògúnmọ́lá, ẹgbẹ́ Dúró Ládípọ̀, ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí. Ọ̀gá ni ó ń kọ eré, ọ̀gá ni ó ń kó ipa tó tóbi jù, ọ̀gá ni àwọn ènìyàn wá wò. Bí ó bá lọ, ó dàbí ẹni pé òpó àárín ilé wó. Ṣùgbọ́n orúkọ iṣẹ́ ni X-Men, kì í ṣe orúkọ ẹnì kan. Ẹni tí ó bá lè ṣe iṣẹ́ náà lè jẹ́ orúkọ náà.

Ohun kejì ni pé wọn kò wá ẹni tí ó jọ àwọn àtijọ́. Wọn kò wá Angel mìíràn, wọn kò wá Iceman kejì. Àwọn àgbà wa ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í fi rọ́pò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dáadáa. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í hù lórí ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ti ń hù, ewé tirẹ̀ ni ó sì ń yọ.

Ohun kẹta ni pé àgbà kan dúró. Bí kì í bá ṣe Cyclops, ta ni ì bá sọ fún àwọn àjèjì wọ̀nyí ìdí tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀? Ní Òṣogbo, Abíọ́dún ni ó ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹgbẹ́ Avengers, tí Stan Lee àti Kirby náà dá sílẹ̀ ní 1963, ti ṣe irú rẹ̀ ní 1965. Gbogbo àwọn olùdásílẹ̀ tí ó kù lọ sinmi, wọ́n fi Captain America sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn tuntun mẹ́ta tí ó jẹ́ pé ọ̀tá ni wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀. Òun ni àgbà tí ó jókòó tì wọ́n.

ÀPẸẸRẸ ILẸ̀ ÌJẸ̀ṢÀ

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìwé ìtàn àròsọ ni mo ń tọ́ka sí, kí ó bá mi kálọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní 1878, Fábùnmi, ọ̀dọ́ jagunjagun ará Òkèmẹ̀sí, ni ó dojú ìjà kọ agbára Ìbàdàn, láti ibẹ̀ ni ogun Èkìtì Parapọ̀ ti gbiná. Ògèdèǹgbé ti Iléṣà kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó tó wá. Nígbà tí ó dé, òun tí ó dé lẹ́yìn ni ó wá di olórí ogun. Fábùnmi kò tìtorí bẹ́ẹ̀ kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ sílé. Ó dúró, ó ń jà. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ń bẹ ní Èkó náà wọ inú ọ̀rọ̀, wọ́n ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sójú ogun, títí ìró ìbọn fi sọ ogun náà ní Kírìjí. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, ibùdó ogun sì tú ní 1893.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Bí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ bá sọ pé, “Èmi ni mo dá a sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣíwájú mi,” ibo ni Èkìtì Parapọ̀ ì bá wà? Bákan náà ni ní ọdún 1980, nígbà tí Cyclops fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, Storm, obìnrin tí ó wọlé ní 1975, ni ó di aṣáájú.

KÌ Í ṢE GBOGBO WỌN NI YÓÒ DÚRÓ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó rọrùn. Sunfire kò bá wọn jókòó rárá. Bí iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti parí ni ó ti lọ. Thunderbird kú ní ogun kejì tí wọ́n jà, nínú ìwé nọ́ńbà 95, kí ọdún 1975 tó parí. Ọlọ́kàn líle ni, kò gbọ́ ìkìlọ̀, ọkọ̀ òfurufú bú gbàù mọ́ ọn. Méjì ti dín nínú àwọn tuntun. Àwọn tó kù kò túká. Chris Claremont tí ó gba kíkọ ìwé náà lọ́wọ́ Wein kọ ọ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlógún. Ní 1991, òun àti Jim Lee ayàwòrán gbé X-Men nọ́ńbà 1 tuntun jáde, ẹ̀dà rẹ̀ tí àwọn ṣọ́ọ̀bù rà sì lé ní mílíọ̀nù 8. Ìwé tí ó ti fi ọdún márùn-ún ta ọjà àlòkù ni o!

Ní Òṣogbo, àwọn tí ó kúrò lágbo Dúró Ládípọ̀ kò ṣòfò. Twins Seven-Seven, oníjó ni ó bá wọ ibẹ̀. Jimoh Buraimoh ń bá wọn ṣe iná mànàmáná orí ìtàgé. Muraina Oyelami ń bá wọn ṣeré. Georgina Beier kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọnà, wọ́n sì di ayàwòrán tí orúkọ wọn kárí ayé. Lérè Pàímọ́ náà jáde níbẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó lọ kò fi dandan di ẹni tí ó sọnù.

Ẹ WÁ GBỌ́ TI ỌJÀ

Aláṣọ kan wà ní Ọjà Ọba tí a jọ mọ ara wa. Ọmọbìnrin tí ó ń bá a tajà fún ọdún mẹ́sàn-án lọ sílé ọkọ. Ó mú àwọn méjì mìíràn. Ojoojúmọ́ ni ó ń bá wọn jà. Ó ní, “Tíṣà, àwọn ọmọ yìí kò mọ oníbàárà pè bíi ti àkọ́kọ́. Kò sí ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe!”

Mo bi í pé, “Ìyá wa, kí ni àwọn fúnra wọn mọ̀ ọ́n ṣe?” Ó dákẹ́, kò bi wọ́n rí. Ìgbà tí ó bi wọ́n, ọ̀kan mọ aṣọ rán, ìkejì sì mọ ìṣirò dáadáa. Ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ kan sí iwájú ṣọ́ọ̀bù fún ti àkọ́kọ́, ó kó ìwé gbèsè lé ìkejì lọ́wọ́. Owó kò tìtorí bẹ́ẹ̀ rọ̀ bí òjò, àwọn oníbàárà kan sì wà tí wọn kò padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn dé tí ó jẹ́ pé ìránṣọ ni wọ́n bá wá, kí wọ́n tó ra aṣọ. Gbèsè tí ó ti sùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà ọmọ òṣómàáló, ẹ mọ iyì ẹni tí ó lè gba gbèsè!

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ wo àyíká yín kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, olùkọ́ tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ má fi gbogbo ọjọ́ pe orúkọ ẹni tí ó lọ sí i létí. Ẹ bi í ní ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ dá òwò tàbí ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ ronú bóyá iṣẹ́ ni orúkọ rẹ̀ tàbí ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ kù nínú ẹgbẹ́, ẹ má jẹ́ kí gbogbo yín dìde lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹnì kan jókòó ti àwọn tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tuntun náà, ẹ bọ̀wọ̀ fún ẹ̀wù tí ẹ bá nílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ rán tiyín.

Ó dìgbà kan ná o. Kí Olúwa má jẹ́ kí ilé tí a kọ́ kú mọ́ wa lójú.